Kí Ẹni Tó Ń Kọ́ Ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì Lórí Ayélujára Wá Ẹni Tí Yóò Ka Iṣẹ́ Rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn tó ń kọ́ àròkọ àti ìwé ìwádìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ayélujára sọ̀rọ̀, yálà wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra fún fásitì ni tàbí wọ́n ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí n kò fojú kàn rí, kí n sì kọ èsì sí i. Ohun tí mò ń rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ló ń yan ẹ̀kọ́ nítorí iye fídíò tó wà nínú rẹ̀ tàbí nítorí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni níparí, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí yóò ka ohun tí àwọn bá kọ, àti bóyá àǹfààní yóò wà láti tún un kọ lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti kà á.

Ohun èlò kò wọ́n rárá. Láti ọdún 1994 ni Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti ń tọ́jú ojú òpó ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní OWL, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ nípa bí a ṣe ń kọ ìpínrọ̀ àti bí a ṣe ń tọ́ka sí orísun. Google Scholar, ojú òpó tí a fi ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀, dé ní 2004. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n dá àkójọ orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní DOAJ sílẹ̀ ní Sweden, nínú èyí tí a ti lè rí àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí, tí kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé. JSTOR, ilé ìkàwé àwọn jọ́nà lórí ayélujára, náà ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù kan. Mo dárúkọ wọn nítorí pé àwọn kan ń sanwó fún ohun tó wà níta gbangba.

Ṣùgbọ́n ohun èlò kì í ka àròkọ fún ni. Fídíò lè ṣàlàyé bí àbá àròkọ, ìyẹn kókó tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn, ṣe yẹ kó rí, ìdánwò tí a ti ń yan ìdáhùn sì lè fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí kọ́mà ń wà. Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ pé fóònù alágbèéká ń ba ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Gírámà rẹ̀ pé, ẹ̀rọ kò ní rí àṣìṣe kankan tọ́ka sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á tọkàntọkàn ni yóò bi í pé: àwọn ọ̀dọ́ wo lò ń sọ, apá wo nínú ẹ̀kọ́ ni fóònù ń bà jẹ́, kí ni ẹni tó bá ta kò ọ́ yóò sọ, ẹ̀rí wo lo sì ní tí o lè fi dá a lóhùn? Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá jókòó ti ìbéèrè wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kó padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó mọ níwọ̀n: ṣé ẹni tó gbé fóònù sórí tábìlì nígbà tó ń kàwé máa ń rántí ohun tó kà bíi ẹni tó gbé tirẹ̀ sí yàrá mìíràn? Èyí ṣeé wá nínú jọ́nà. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, èsì wọn kò sì bára mu délẹ̀délẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó yẹ ní ohun tí a ń kọ àròkọ lé lórí.

Èsì olùkà tún ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú bí a ṣe ń lo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àgàgà àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí wọn, máa ń gbé gbólóhùn òǹkọ̀wé síwájú, tí wọn yóò sì máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dà bíi tiwọn. Wọn kò ní olè lọ́kàn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò lè dára tó ti ẹni tí àwọn ń kà. Síbẹ̀, fásitì kà á mọ́ jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ka ojú ìwé náà tán, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n kọ ohun tó yé wọn sílẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́, kí wọ́n tó tún ṣí i láti wò ó bóyá wọn kò yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ nọ́ńbà ojú ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé bá sì gún régé débi tí kò ṣeé tún sọ, kí wọ́n fi àmì àyọlò sí i, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ lò.

Ní ti ọ̀nà ìtọ́kasí, n kò rí ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ fi ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. MLA, tí àwọn ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ń lò, ń béèrè orúkọ òǹkọ̀wé àti ojú ìwé. APA, tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ń lò, ń béèrè orúkọ àti ọdún, nítorí pé bí ìwádìí ṣe pẹ́ tó ṣe pàtàkì láàrin àwọn tó ń lò ó. Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè bá akẹ́kọ̀ọ́ to ìtọ́kasí rẹ̀, kí ó ṣáà fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé láti ìgbà tí ChatGPT ti dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ̀rọ ti wà tó lè ka àròkọ kí ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó wúlò fún àṣìṣe gírámà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa hùmọ̀ ìtọ́kasí: òǹkọ̀wé náà lè jẹ́ ẹni gidi, jọ́nà náà lè wà, kí àpilẹ̀kọ tó dárúkọ má sì sí níbikíbi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orísun tí ẹ kò tíì ṣí wò sínú iṣẹ́ yín. Nọ́ńbà DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, wúlò fún èyí, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́ sójú òpó doi.org, ó yẹ kó gbé wa dé ibi tí àpilẹ̀kọ náà wà. Ohun tó sì ń dùn mí ju èyí lọ ni pé ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ fún òun ti gbé iṣẹ́ tí ì bá kọ́ ọ ní ìrònú sílẹ̀.

CCCC, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìkọ̀wé ní fásitì Amẹ́ríkà, ti dámọ̀ràn tipẹ́ pé kí kíláàsì ìkọ̀wé má ju akẹ́kọ̀ọ́ 20 lọ, pé 15 ló sì dára jù. Mo rọ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ lórí ayélujára kí wọ́n fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí kò bá sì rí kíláàsì bẹ́ẹ̀, kí ó wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn yóò jọ máa pààrọ̀ iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí kálukú wọn sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹnìkejì: kí ni mo gbọ́ pé o ń sọ, ibo ni mi ò ti gbà ọ́ gbọ́, ibo ló sì ti rú mi lójú?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì