Má yọ ìlù nítorí ìtìjú

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo wo fídíò ijó tí o fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá rẹ náà wò ó, a sì tún un wò. O kú iṣẹ́, ọmọ Àyàn. Ohun tí o kọ sábẹ́ fídíò náà ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní o fẹ́ yọ bàtá kúrò nínú ijó tí o máa fi jáde iléèwé, torí pé àwọn tí ẹ jọ wà ní kíláàsì ń sọ pé ijó àtijọ́ lo ń jó, pé kì í ṣe ijó òde òní.

Mi ò sọ pé ijó ò lè dá dúró láìsí ìlù. Ọ̀nà kan ò wọjà. Merce Cunningham, oníjó ará Amẹ́ríkà, àti John Cage tó ń ṣe orin fún un, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ijó náà jáde ni àwọn oníjó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbọ́ orin rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń yà á. Ìwọ, ìtìjú ló fẹ́ mú ọ yọ tìrẹ. Mi ò fara mọ́ ọn.

Wo Germaine Acogny. Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 1944, Sẹ̀nẹ̀gà ló dàgbà sí. Abọrìṣà ni ìyá àgbà rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì ni. Acogny lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, ó padà sí Dakar, ó ṣí ilé ijó lọ́dún 1968, ó sì gbé ọ̀nà ijó kalẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lónìí. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ejò ìyè ló pè é. Igi àràbà sì wà lára àwọn ohun tó fi ń kọ́ àwọn oníjó bí wọ́n ṣe máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, àràbà tí ìwọ náà mọ̀ yìí. Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, dá ilé ẹ̀kọ́ ijó École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw létí òkun ní Sẹ̀nẹ̀gà. Iyanrìn ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jó níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jó lórí iyanrìn rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ò lè parọ́ níbẹ̀: bí o bá fò láìtẹ orúnkún, iyanrìn á mú ọ. Lọ́dún 2021, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún ijó ní Biennale, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Venice ní Ítálì. Kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ wá sọ pé ijó àtijọ́ nìyẹn.

Pearl Primus, oníjó, ńkọ́? Trinidad ni wọ́n bí i sí, New York ló ti gbajúmọ̀. Ó ti lókìkí dáadáa kó tó wá sí ilẹ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1940, síbẹ̀ ó wá jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ́ ijó lọ́dọ̀ wọn. Ọọ̀ni ló sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ijó tìrẹ. Níbi tí o ti dìde nílẹ̀, ejìká rẹ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, o sì dúró gbagidi. Dúrù ni wọ́n ń tẹ̀ nínú fídíò náà, kò sí ìlù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bàtá ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn: bílálà, awọ tí a fi ń lù ú, á ta ojú ṣáṣá tó kéré, ọwọ́ á bọ́ sí ojú òjò tó tóbi, oníjó á já a. Ara rẹ já a láìsí ẹni tó lù ú fún ọ. Nínú gbogbo ohun tí o ṣe níbẹ̀, ìyẹn ló wú mi lórí jù, òun náà sì ni ohun tí o fẹ́ lọ jù nù.

Nítorí náà, mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ gba ohùn ìlù sílẹ̀ fún ọ: ìyáàlù nìkan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà omele abo, ìlù kékeré tó ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo wọn pa pọ̀. Má tíì jó o. Dùbúlẹ̀ kí o gbọ́ ọ títí wàá fi mọ ibi tí ìyáàlù ti ń pe oníjó àti ibi tó ti ń fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà jó o. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá ṣì fẹ́ yọ ìlù, yọ ọ́, mi ò ní bá ọ jà.

Nǹkan tún pọ̀ jù lórí ìtàgé rẹ. Àga, iná aláwọ̀ mẹ́ta, àwòrán lára ògiri, ojú ò mọ èyí tí yóò wò. Lọ wo Cry, ijó tí Alvin Ailey, oníjó ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1971 láti fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ìyá rẹ̀. Judith Jamison nìkan ló jó o, nǹkan bí ìṣẹ́jú 16, pẹ̀lú aṣọ funfun gbọọrọ kan. Ó fi aṣọ náà nulẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ yẹn kan náà ló tún wé mọ́ra bí olorì. Gbé àga yẹn kúrò, Àbẹ̀kẹ́.

Má ṣe máa fò lórí sìmẹ́ńtì. Bí gbọ̀ngàn tí wọ́n fún yín ò bá ní pákó nílẹ̀, sọ fún wọn pé o ò ní fò níbẹ̀, kí wọ́n bínú. Orúnkún ò ṣeé rà. Má sì fi ebi para rẹ nítorí pé ẹnì kan ní o sanra.

Ti ìwé àdéhùn tí o ní wọ́n fẹ́ fún ọ, má tíì fọwọ́ sí i. Béèrè ẹni tó máa ni ijó náà lẹ́yìn tí o bá ti jó o tán, iye ọdún tí wọ́n máa fi lo fídíò rẹ̀, àti bóyá orúkọ rẹ máa wà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a. Fi ìwé náà ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ kà á fún wa. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìlù máa wọlé sórí WhatsApp rẹ.

Bàbá rẹ