Ìrìnàjò Ẹbí sí Oʻahu: Mo Ń Retí Orúkọ Yín

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé wa, tàgbà tèwe.

Ọjọ́rú la máa lọ lúwẹ̀ẹ́ wo ẹja ní etíkun Hanauma Bay, ní erékùṣù Oʻahu ní Hawaii. Wọn kì í ṣí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má wulẹ̀ ní kí n yí i padà. Ọjọ́ méjì ṣáájú, ní aago 7 àárọ̀, ni wọ́n ń ṣí ìwé ìwọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíá ló sì ń tán.

Ẹ dán awò omi yín wò nílé: ẹ gbé e lé ojú láì fi okùn rẹ̀ kọ́rí, kí ẹ fi imú fa èémí. Bí kò bá já bọ́, ó bá yín mu nìyẹn. (Tèmi lọ́jọ́sí ń jò, omi iyọ̀ ni mo mu yó.) Ìpara oòrùn tó ní èròjà oxybenzone tàbí octinoxate, ẹ fi sílẹ̀, láti 2021 ni Hawaii ti fòfin de títà rẹ̀ nítorí ìpalára tó ń ṣe fún iyùn òkun.

Ọjọ́bọ̀ la ó gun òkè Diamond Head. Kò tó máìlì kan dókè, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ ń mú orúnkún. Bàtà gidi àti omi, ó pọn dandan.

Ẹ fi orúkọ, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àti ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú.