Ẹ̀sùn Lórí Ẹ̀rọ Fọ́ìlì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Ṣómólú, Èkó
12 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tó ń fi fọ́ìlì wúrà, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi wúrà, tẹ lẹ́tà, èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín ní oṣù Kẹfà, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. ₦1,850,000 ni mo san, ìdì fọ́ìlì mẹ́fà ló bá a wá, risíìtì rẹ̀ sì wà nínú àpò-ìwé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe ọ́fíìsì yín. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀kẹrin ló mú kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmì-ẹ̀yẹ ni iṣẹ́ mi. Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń kọ orúkọ èèyàn sára igi, gíláàsì, akírílíìkì (ike líle tó jọ gíláàsì) àti idẹ ní Ṣómólú níbí. Ẹ̀rọ lésà méjì, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ líle kọ nǹkan, ni mo ní. Ṣùgbọ́n lésà kò ní àwọ̀ tirẹ̀: ṣe ló ń họ ojú nǹkan kúrò, funfun ló sì máa ń hàn lára akírílíìkì. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí orúkọ òun máa dán bíi wúrà, fọ́ìlì ló lè ṣe é fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba aṣojú yín láyè nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tẹ "CONGRATULATIONS" sára awọ dúdú kan tó mú wá fúnra rẹ̀, ó dán, ó gún régé. Mo bi í níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ṣé ó lè kọ Yorùbá tòun ti àmì, ṣé ó sì lè mú akírílíìkì. Ó ní kò sí èdè tí kò lè kọ, kò sí nǹkan tí kò lè mú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo sanwó lé lórí.

Kí n tó fi ohun èlò tuntun ṣiṣẹ́ fún oníbàárà, mo máa ń dán an wò lára àjákù. Mo tẹ ọ̀rọ̀ sára àjákù akírílíìkì, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, mo sì fà á tu. Ìdajì lẹ́tà náà ló bá sẹ́lótéèpù lọ. Mo fi spírítì nu òmíràn, ó pa rẹ́. Mo fi kún ooru rẹ̀, mo dín eré rẹ̀ kù, pàbó ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn fọ́ìlì ni ooru ń yọ́ kó tó lè lẹ̀, àti pé gọ́ọ̀mù tó ń mú awọ kọ́ ló ń mú akírílíìkì. Oríṣi kan ṣoṣo lẹ kó fún mi, ti awọ àti páálí. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá béèrè ti akírílíìkì kí n tó sanwó. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ yín o: tó bá di ti awọ, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Mo ti fi tẹ èèpo ìwé-ẹ̀rí fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, inú wọn sì dùn.

Ọ̀rọ̀ àmì ló dùn mí jù.

Ní oṣù Keje, ìjọ kan gbé iṣẹ́ wá. Ìyá Ìjọ wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 30, wọ́n fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ onígi tí a fi awọ bò lójú. Akọ̀wé ìjọ fi bírò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé fún mi, kò sí àmì kan tó yẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú sófítíwíà yín. Ọ tó wà nínú "ÌJỌ" di àpótí òfìfo kékeré. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí mo lò. Àpótí lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ lẹ́tà náà ṣófo. Mo fi ẹ́ dán an wò, àmì òkè fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tó fa èyí tó kẹ́yìn yìí. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì ohùn. Sófítíwíà yín kò mọ̀ ọ́n so.

Mo wá ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí àwòrán nínú CorelDRAW, sófítíwíà ìyàwòrán, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Àmì jáde lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tó wà lábẹ́ Ọ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì ń dán. Mo fojú ara mi rí i kí n tó fi ọ̀rá wé e. Mi ò mọ̀ pé ooru kò dúró pẹ́ tó lórí ibi kékeré bẹ́ẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó yọ́ dénú. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rá náà nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, àmì ti bá ọ̀rá lọ. Ọmọ tí wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síta kà á bó ṣe rí i: "Ìyá Ijó." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá náà kò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kò bá mi jà, ó kàn fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà náà. Mo fi lésà ṣe òmíràn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀kẹrin ní kí n kúkú yọ àmì kúrò, pé ọ̀pọ̀ Yorùbá gan-an kì í fi àmì sí orúkọ wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò bá fi àmì sí tirẹ̀, òun ló ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó fi bírò kọ gbogbo rẹ̀ síwájú mi, tó sì sanwó, mi ò láṣẹ láti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù nítorí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Èmi ò lè torí wúrà ba orúkọ jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì dá owó mi padà láìyọ kọ́bọ̀; ìdì fọ́ìlì mẹ́rin ṣì wà tí mi ò tíì tú. Tí ẹ bá lè tún un ṣe, mo ṣetán láti gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni màá mú ọ̀rọ̀ tí a máa fi dán an wò, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lára akírílíìkì mi: "Ìyá Ìjọ," "Ọ̀jọ̀gbọ́n," "Olùkọ́ Àgbà," ní lẹ́tà tó kéré bí èyí tí àwọn èèyàn ń rà lọ́wọ́ mi. Màá sì fa sẹ́lótéèpù lára rẹ̀ lójú yín. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di 30 oṣù yìí, màá gbé ẹ̀sùn náà lọ sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà. Ẹni mẹ́ta ní òpópónà wa ló ti bi mí bóyá kí àwọn náà ra irú ẹ̀rọ yìí. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Mo fi àmì-ẹ̀yẹ Ìyá Ìjọ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí kí ẹ lè fọwọ́ kan abẹ́ Ọ náà fúnra yín. Tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ àmì-ẹ̀yẹ, Ṣómólú