Àdùkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n ba ọ̀dà ọkọ̀ rẹ jẹ́

Àdùkẹ́ mi,

Ọkọ̀ tuntun, ẹ̀mí á lò ó o. Mo rí àwòrán Hilux tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. Ó ti fi han gbogbo ará ilé, títí kan àwọn tó wá ra omi. Bàbá rẹ kékeré ní dandan ni ká pa ajá fún Ògún kí ọkọ̀ náà tó máa ná Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Ìyẹn wà láàárín òun àti Ògún. Ohun tí èmi mọ̀ nídìí mọ́tò ni ọ̀dà. Òun ni mo fi tọ́ yín, òun náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Dúdú lo rà. Ó ti bọ́ ná, n kò ní bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúdú kì í bo àṣírí: gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti fi aṣọ ìdọ̀tí nù lára rẹ̀, oòrùn ọ̀sán yóò tú u síta fún ẹni tó ń kọjá lọ.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń pariwo. Kò sí péńtà kan ní gbogbo Nàìjíríà, àti èmi bàbá rẹ, tó lè kun irú ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ yẹn lónìí padà fún ọ. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n tó fi àga tàbí wáyà kankan sínú ọkọ̀, wọ́n á ri odindi ara rẹ̀ bọnú ọpọ́n ọ̀dà ńlá tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, kí ọ̀dà lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, á tẹ̀ lé e, àwọ̀ á tẹ̀ lé práímà, kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, á wá gorí àwọ̀. Wọ́n á sì yan án nínú ààrò tó gbóná ju omi tó ń hó lọ. Àwa ní ṣọ́ọ̀bù kò lè ti ọkọ̀ tó ti ní rọ́bà àti pílásítíìkì nínú bọ irú ooru bẹ́ẹ̀, àfi ká fẹ́ kó yọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ fi máa ń bèèrè "fáàsì bọ́dì", ìyẹn ọkọ̀ tí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ìka kan ilẹ̀kùn kó, kó, bóyá wọ́n á gbọ́ ohùn pọ́tì tí wọ́n fi dí ibi tó ti bàjẹ́. Fáàsì bọ́dì ni tìrẹ. Owó ń bẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀dà ọ̀hún, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò tó mìlímítà 0.2. Kílíà tó wà lókè pátápátá, tó ń dán, tó ń dáàbò bo àwọ̀ lọ́wọ́ oòrùn, kò ju bíi mìlímítà 0.05 lọ. Irun orí ẹlòmíì nípọn jù ú lọ. Bí ẹnìkan bá ní òun á fi kọ́ḿpáùn, ìpara tó ń họ nǹkan bíi sáńpépà, pa ìlà rẹ́ fún ọ, mọ̀ pé kílíà yẹn ló ń họ dànù. Ó lè họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó bá họ ọ́ tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ á máa ṣe funfun báláú báláú, o ò sì ní rí ẹni bá wí.

Ẹ̀rù dáńfó ló ń bà ọ́, mo mọ̀. Àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì ló ń ba èmi lẹ́rù. Dáńfó lè má kàn ọ́ lára láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ wọ̀nyí á kàn ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Garawa kan náà láti àárọ̀. Fóòmù tó já bọ́ sínú iyanrìn, wọ́n á he é, wọ́n á tún rì í bọ Omo. Wọ́n á fi fọ taya, wọ́n á fi fọ rímù, fóòmù kan náà á wá gun bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ, wọ́n á sì máa yí i po, yí i po. Iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ ti sọ ọ́ di sáńpépà. Ìlà wẹ́wẹ́ róbótó-róbótó tí o máa ń rí lára mọ́tò dúdú nínú oòrùn, ibẹ̀ ló ti wá. Omo ní tirẹ̀, aṣọ ni wọ́n ṣe é fún: ó ń bó wáàsì, ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà, kúrò lára ọkọ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń pa taya kó lè dán, rọ́bà ló ń jẹ.

Nítorí náà, fọ̀ ọ́ fúnra rẹ, tàbí kí o kọ́ ọmọ kan ládùúgbò kí o sì san owó gidi fún un. Garawa méjì ni kí o lò: ṣáńpù ọkọ̀ nínú ọ̀kan, omi lásán nínú èkejì láti fi ṣan ìbọ̀wọ́ tí o fi ń fọ ọkọ̀ kó tó padà sínú ọṣẹ. Kọ́kọ́ da omi sí i lára dáadáa, kí iyanrìn ṣàn lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, máa bọ̀ wá sísàlẹ̀, kí o sì máa fà á gbọọrọ, má yí i po. Rímù ló kẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Má fọ̀ ọ́ nínú oòrùn, nítorí ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára. Bí o bá kánjú tó o sì gbọ́dọ̀ yà ní káwọ́ọ̀ṣì, ní kí wọ́n fi pọ́ńpù wọ́n omi sí i nìkan, kí wọ́n má fi fóòmù kàn án. Wọ́n á ní o ń ṣe yàngà. Ṣe é.

Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bò ó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ gbígbẹ tàbí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n dì mọ́ igi gbá a. Jẹ́ kí eruku wà níbẹ̀ títí omi á fi dé. Eruku kì í ba ọ̀dà jẹ́ bí ìnùkunù ṣe ń bà á jẹ́.

Níbi iṣẹ́ rẹ, sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá. Bí eruku rẹ̀ bá bà lé ọkọ̀ lálẹ́, tí ìrì sì sẹ̀ sí i, á dì mọ́ ọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kí o tó páàkì, má sì páàkì sítòsí ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré. Èyí tó bá ti dì, má fi èékánná tàbí ọ̀bẹ họ ọ́. Fínígà tí o bu omi là ni kí o fi rẹ ẹ́, lẹ́yìn náà kí o fi omi ṣàn án dáadáa. Òkun náà kò jìnnà síbẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ sì máa ń wá ṣàsí lọ. Jẹ́ kí wọ́n wọ́n omi sábẹ́ ọkọ̀ déédéé, kí o sì máa tú ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí omi má baà dá síbẹ̀ kó dípẹtà. Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o fi kọ́ńdẹ́m̀ ọ́ìlì kun abẹ́ rẹ̀. Rárá o. Ó ń ba búṣì, àwọn rọ́bà oríkèé abẹ́ ọkọ̀, jẹ́.

Ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti àdán kì í dúró dọ̀la. Ásíìdì wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá bá a níbẹ̀, á jẹ kílíà wọlé. Fi ike omi kan àti aṣọ mímọ́ sínú ọkọ̀. Tẹ́ aṣọ tútù lé e títí tó fi máa rọ̀, kí o wá gbé e kúrò. Má fi aṣọ náà fà á lára ọ̀dà.

O bèèrè nípa serámíìkì, ohun olómi tí wọ́n ń fi pa orí ọ̀dà, tó máa ń gbẹ le mọ́ ọn. Ó dára, omi kì í dúró lórí rẹ̀, ìdọ̀tí kì í sì tètè mọ́ ọn, ó sì lè pẹ́ tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tó mọṣẹ́ bá fi sí i. Àmọ́ kò lè gba òkúta dúró, ohunkóhun tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i, ó ti há síbẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi kléè, ohun rírọ̀ bí amọ̀, yọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Láti mọ̀ bóyá ó mọ́, ki ọwọ́ bọ nílọ́ọ̀nù, kí o fi rá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń ṣe gbẹ̀rẹ̀-gbẹ̀rẹ̀, kò tíì mọ́. Wáàsì kò wọ́n tó o, èyí tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì sì dán gan-an, oṣù díẹ̀ ni o kàn máa tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ owó mi ni, rọ́bà tínrín tí kò ní àwọ̀ ni mo máa fi bo báńpà àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí tírélà tó ń kó gíráníìtì pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ. Rọ́bà yẹn nípọn ju gbogbo ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Wáàsì á tó ìyókù.

Nílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé ọwọ́ ilẹ̀kùn láti ilé ìtajà, bó o kúrò lónìí. Bí oòrùn bá yan án mọ́ ọn, ojú á tì ọ́. Ike dúdú tó wà lẹ́yìn, níbi tó o ń kó ẹrù sí, máa gbé e sókè lóòrèkóòrè kí o fọ iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iyanrìn yẹn máa ń họ ọ̀dà láì sí ẹni tó ń wò ó.

Bí òkúta bá sì wá fọ́ ọ̀dà níbì kan, ya àwòrán irin pẹlẹbẹ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Níbi tí wọ́n kọ C/TR sí ni nọ́ḿbà àwọ̀ rẹ wà. Fi ránṣẹ́ sí mi, màá po èyí tí o máa fi burọ́ọ̀ṣì kékeré kán sí i kó tó dípẹtà. Má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n kun odindi ilẹ̀kùn nítorí ojú ibi kan tí òkúta fọ́.

Ìyá rẹ ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti di aṣọ ìnukọ̀ mẹ́fà, ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ méjì àti ṣáńpù sínú báàgì tó máa gbé dání, pẹ̀lú gàrí tó o béèrè. Àwọn aṣọ tí mo fi òwú pupa rán létí, ti rímù nìkan ni. Má jẹ́ kí wọ́n kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, n'Íbàdàn