Ọmọ tó ń fi súfèé ṣí ìlà tẹlifóònù

Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Yìnyín bo mọ́tò yín débi pé òwú ni mo kọ́kọ́ pè é. Bí o ṣe ní Minneapolis lẹ kó lọ, ẹnì kan tí mi ò bá pàdé rí ló wá sí mi lọ́kàn. Ìlú tìrẹ yẹn ló gbé títí tó fi kú lọ́dún 2007. Fara balẹ̀, kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé fóònù wá pé wọ́n ti hack òun. Kí n tó lajú wo fóònù, ọmọ iṣẹ́ mi ti ní, "Ọmọ Yahoo ni, Mà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é." Mo ní rárá o, àwọn kan ti ń ṣe é láìní kọ̀ǹpútà nílé, ètè lásán ni ọ̀kan nínú wọn fi ṣe tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ti mutí láàárọ̀. Mo tún sọ fún un pé ọ̀rọ̀ hack yẹn gan-an, lẹ́nu àwọn ọmọ MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, tó ń fi rélùwéè kékeré ṣeré ló ti wá, pé ọgbọ́n àrà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olè. Kò gbà.

Joe Engressia ni ẹni tí mò ń wí. Ọdún 1949 ni wọ́n bí i, kò sì ríran láti inú ìyá rẹ̀ wá. Tẹlifóònù ni ohun ìṣeré rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tó fura pé bí òun bá súfèé ní ìró kan báyìí sínú fóònù, ìpè á já. Èmi àti ìwọ ì bá rẹ́rìn-ín, ká bá tiwa lọ. Òun ò jẹ́ kó lọ. Etí rẹ̀ mú: ohùn tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sú u jáde gẹ́lẹ́, bí onígángan ṣe ń gba oríkì lẹ́nu èèyàn, tó sì ń fi ìlù dá a padà.

Ìdí tó fi ń já nìyí. Ohùn ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ìlà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú nígbà náà. Bí ìlà bá wà láìsí ẹni tó ń lò ó, ìró 2600 hertz (èyí tó ń gbọ̀n nígbà 2600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló máa ń dún lórí rẹ̀. Torí náà, bí ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún bá ti gbọ́ ìró yìí, á gbà pé o ti gbé fóònù kalẹ̀. Engressia àti àwọn ọmọ mìíràn tó ń ṣe bíi tirẹ̀ á pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́, wọ́n á wá rọra súfèé 2600. Ti ọ̀hún já, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àdúgbò tó ń ka owó kò gbọ́ nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, orí nọ́ńbà ọ̀fẹ́ lo ṣì wà. Bí súfèé bá ti dákẹ́, ìlà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, á máa retí nọ́ńbà. Engressia tún lè fi súfèé tẹ nọ́ńbà: kó sú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣókí-ṣókí, 3 nìyẹn. Ní yunifásítì, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ọ̀nà jíjìn ní dọ́là kan. Ìyẹn ló kó o sí wàhálà lọ́dún 1968.

Kọ́lá, ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi nìyí: àṣẹ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ẹ̀rọ ò sì mọ ohùn ọ̀gá yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell fúnra wọn tún tẹ gbogbo ìró náà sínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn lọ́dún 1960. O tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ẹní, o tún mú àlejò lọ wo abẹ́ ẹní!

Nínú àwọn tó ń ṣe irú eré yìí, John Draper lòkìkí kàn jù. Fèrè oníke tí wọ́n ń fi sínú páálí Cap'n Crunch (ó jọ kọ́ǹfíléèsì) nígbà náà máa ń dún ní 2600 bí o bá dí ihò rẹ̀ kan, ló bá sọ ara rẹ̀ ní Captain Crunch. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríran ló kọ́ ọ, èmi ò sì gbàgbé ìyẹn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Esquire tú àṣírí wọn ní October 1971, Steve Wozniak rí i lórí tábìlì ìdáná ìyá rẹ̀. Òun àti Steve Jobs, àwọn tó padà dá Apple sílẹ̀, wá ìwé tí àwọn ìró náà wà nínú rẹ̀ lọ sí láíbìrì, wọ́n kan àpótí tó ń dún bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Berkeley. Wozniak tilẹ̀ pe Vatican, ó ní Kissinger, èèyàn ńlá nínú ìjọba Amẹ́ríkà, lòun, òun fẹ́ bá Póòpù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Póòpù ń sùn. Láti 1976 ni Bell ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún àṣẹ, títí súfèé ò fi ran nǹkan kan mọ́.

Engressia wá sí ìlú yín, ó yí orúkọ padà sí Joybubbles lọ́dún 1991, ó ní ọmọ ọdún márùn-ún lòun títí ayé. Ó ní nọ́ńbà kan tó ń gba ìtàn sí. Ẹni tó bá pè é á gbọ́ ọ.

Lánàá, iná lọ. Mo gbé fóònù tó ń ka ìró jáde, mo ń súfèé sí i nínú òkùnkùn. Mi ò kọjá 2100. Ìyàwó mi kígbe láti yàrá pé ejò ni mò ń pè wọlé, bí ìyá rẹ ṣe máa ń bú wa gẹ́lẹ́. Jọ̀ọ́, bí yìnyín bá yọ́, bá mi bi àwọn àgbà àdúgbò yín bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn pe nọ́ńbà ìtàn yẹn rí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Délé