Bàbá Ìbejì, mo dúró nídìí ère Okwaraji

Ojúẹlẹ́gbà, Sùúrùlérè.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Orúnkún Màámi ti ń sàn díẹ̀díẹ̀, ayálégbé ilé yín n'Ítìrè ti san owó ọdún kan, òjò sì gbé páànù méjì lọ lórí ilé wa. Ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

Ní Sátidé tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ ní Sítédíọ̀mù, mo lọ dúró nídìí ère Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wa ọjọ́sí. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ariwo ọjọ́ yẹn ni mo ń gbọ́ létí, ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, àwa àti Àǹgólà. Èrò ìbá tẹ̀ mí pa lẹ́nu géètì bí kì í bá ṣe pé o di ọwọ́ mi mú. Bàtà rẹ ẹsẹ̀ òsì, ibẹ̀ ló wà dòní!

Ṣé o rántí pé ìwọ lo máa ń jẹ́ Okwaraji tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù nígboro? Ẹnikẹ́ni tó bá gba orúkọ náà mọ́ ọ lọ́wọ́, ìjà dé. Ọmọ Orlu nílẹ̀ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n ta ló bèèrè? Tiwa ni. “Lọ́yà yẹn” ni Bàbá mi ń pè é, torí ó kàwé òfin dé Róòmù, ó gboyè kejì níbẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Kó tó dé, lójú àwọn bàbá wa, ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í gbé inú ilé kan náà. Òun ló gbà wá lọ́wọ́ pàṣán. Góòlù tó jẹ Kamẹrúùnù ní Mòrókò lọ́dún 1988 ńkọ́, tí bọ́ọ̀lù kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa! Jámánì ló ti ń jẹun, Stuttgart, Ulm, síbẹ̀ bí ilé bá pè é, á dé. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ jù nìyẹn, ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́jú 77 ìdíje wa pẹ̀lú Àǹgólà ló ṣubú. Kò sẹ́ni tó kọ lù ú. O ní iṣan ló fà á, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo, a jó délé, alẹ́ la tó gbọ́ pé ọmọ ọdún 25 ti lọ. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

Bàbá Ìbejì, àbíkẹ́yìn mi ṣubú lórí pápá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ lu òun náà. Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní oòrùn ni. Dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn, echo, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù kankan títí èsì yóò fi jáde. Mo ti san owó rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni. Ọmọ náà kọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa wọ ẹgbẹ́ kan. “Dádì, ẹ̀rù ti ń bà yín jù.” Lóru, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Ìwọ ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Jọ̀ọ́, pè é. Má sọ pé mo kọ̀wé, má sì bá a wí. Ìtàn Okwaraji ni kó o sọ fún un, láti orí góòlù Kamẹrúùnù, kó o tó wá sọ ohun tí èmi àtìẹ jọ fi ojú wa rí. Tí èmi bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹkún ni màá sun.

Aago mẹ́fà ìdájí ló máa ń jáde lọ sáré. Pè é kó tó wọ bàtà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ