Ẹ Yé Kó Òṣìṣẹ́ Ìjọba Lọ Síbi Ìpolongo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, wọn a máa kó òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi ìpolongo lásìkò iṣẹ́. Ó ń dùn wá gan-an. Lóòótọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún 2003 pé òṣìṣẹ́ ìjọba lè wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò. Ṣùgbọ́n fáìlì ìjọba kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nídìí owó ni òṣèlú ti ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́ jù. Kọmíṣánnà á kàn fẹnu sọ pé kí wọ́n sanwó fún agbaṣẹ́ṣe kan. Kí akọ̀wé àgbà, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó owó ilé iṣẹ́ náà, má tíì buwọ́ lù ú o. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá owó ṣì kù lábẹ́ àkọlé iṣẹ́ náà nínú ìwé ìnáwó, kó béèrè ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí, kó wá kọ àtakò rẹ̀ sínú fáìlì, pẹ̀lú déètì. Bí kọmíṣánnà bá ta kú, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ náà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀díítọ̀ àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Nígbà tí ọ̀díítọ̀ bá fi máa dé, kọmíṣánnà lè ti lọ. Ẹni tó buwọ́ lu fáọ́ṣà, ìwé tí wọ́n fi sanwó, ni wọ́n á mú, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì lè máa gé.

Àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìbàdàn.